Aago Ẹnu Ọ̀nà Mọjísọ́lá

Mọjísọ́lá ọmọ Òkè-Ṣópẹ̀n ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Sísí Mọjí ni mo sì máa ń pè é. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mi ò ní pè é ní "wọ́n". Mo ti fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún un tó, mo sì mọ ohun tó fi san án fún mi.

Ọmọdé ni wá nígbà ìṣáájú. Ìyàwó àlùfáà ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní pìánò kan nínú pálọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gbé ilé náà fi sílẹ̀. Ó pe èmi àti Mọjísọ́lá, ó ní òun yóò kọ́ wa. Kò fún wa ní ìwé orin kankan. Sólífà ló fi ń kọ́ wa, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin: a ó kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́ títí yóò fi mọ́ wa lẹ́nu, ká tó fi ìka kan eyín dùrù. Lẹ́yìn orin ìsìn, orin àkọ́kọ́ tó kọ́ wa ni orin kékeré kan tí ará Jámánì kan kọ fún obìnrin kan láyé àtijọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, etí yín mọ̀ ọ́n. Ohùn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé méjì tó ń jà sí hóró ẹ̀pà kan, kí orin náà tó rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mò ń kọ ọ́. Bí mo bá ru omi, mò ń kọ ọ́.

Ará Mákùn-Omi ni ìyá mi. Ẹja yíyan ló ń gbé wá láti etí omi, èmi ni mo sì ń bá a ṣà á kí n tó lọ síbi dùrù. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi títí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́ bó. Lọ́jọ́ tí ìyàwó àlùfáà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá kejì orin náà fún wa, Mọjísọ́lá di imú, ó ní, "Màmá, ẹja ń rùn lára pìánò."

Kò dárúkọ mi. Ta ló tún kù? Ìyàwó àlùfáà tẹ orí ba, ó gbóòórùn eyín dùrù, ó wò mí, ó ní kí n ṣì máa lọ ran ìyá mi lọ́wọ́ ná, òun yóò ránṣẹ́ sí mi. Títí tí wọ́n fi gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn, kò ránṣẹ́. Bó ṣe jẹ́ pé apá àkọ́kọ́ nìkan ni mo mọ̀ nínú orin tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn.

Mo dàgbà. Mo kàwé. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé girama, lẹ́yìn náà mo di òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí nǹkan wá le, Adébọ́lá ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì kan náà. Ìgbà yẹn ni Mọjísọ́lá ránṣẹ́ pè mí láti Ìlú Ọba. Ó ní kí n wá bá òun gbé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ìyá tó mọ ìwé bíi tèmi, ilé ìkàwé ló yẹ kí wọ́n ti máa dù mí. Mo gbà á gbọ́. Bí mo ṣe débẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìnrìn àjò mọ ìtàn yẹn, ó sì ti sú mi láti gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni ìdákẹ́jẹ́. Òtútù, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè jí, kí ó wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó dúró lójú fèrèsé títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo kí obìnrin ilé kejì láti ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kejì tí mo dé. Ó wò mí bí ẹni pé mo tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ tí mo dé gan-an, mo ṣe ohun tí wọ́n fi tọ́ mi. Nínú ìdílé wa, ẹni tó bá lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kì í di ohun tó níye lórí mọ́ra bí ẹni tó ń fura. Yóò kó o fún onílé, yóò ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Onílé yóò dáhùn pé, "Ó ti wà ní ìpamọ́." Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá Mọjísọ́lá. Èmi náà kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi ọwọ́ méjèèjì na pásípọ́ọ̀tù mi sí i.

"Sísí Mọjí, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Ó ti wà ní ìpamọ́," ló wí, ó sì gbé e wọ yàrá ìjẹun lọ.

Bí mo ṣe ń dìde ni mo gbọ́ orin yẹn, tí ó ń dún fín-ín-fín-ín bí ẹ̀fọn inú ìgò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.

"Aago ẹnu ọ̀nà ni," ni Mọjísọ́lá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ níta, orin ló ń kọ nínú ilé. O rántí orin wa? Bí mo ṣe rí i ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rà á."

Orin wa. Báyìí ló ṣe pè é.

Kò pẹ́ tí mo mọ irú iṣẹ́ ilé ìkàwé tó ní fún mi. Mo ń se oúnjẹ, mo ń fọ aṣọ, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń nu eruku lórí ìwé tí kò sẹ́ni tó ń kà. Ọkọ rẹ̀ kì í sábàá gbélé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ṣeun ni orúkọ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, orúkọ mi kúrò lẹ́nu Mọjísọ́lá pátápátá. Tísà ló kù. "Tísà, tíì dà?" "Tísà, ta ló fi súwẹ́tà yìí sínú omi gbígbóná? Àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yín?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pa ilẹ̀kùn yàrá ìdáná dé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Tísà, ìwé tí wọ́n fi jẹ́ kí o wọ̀lú ti kú o."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ó bá mi sọ ọ́ dọ̀tun, Sísí Mọjí."

"Mò ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ lọ́yà kì í yá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó èèyàn ti wà ládùúgbò yìí, ilé dé ilé ni wọ́n ń kàn. Bí aago bá ti dún, sá wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Má wúkọ́."

"Tí mo bá lọ bá wọn fúnra mi ńkọ́, kí n ṣàlàyé?"

"Ṣàlàyé kí ni? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ gbé ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, kí Adébọ́lá máa wò ẹ́? Tísà àgbà!"

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti bá mi wọlé, tí kò sì jáde mọ́. Yàrá kótópó kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó bàtà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku sí. Bí aago bá ti kọ ohùn méjì àkọ́kọ́, mo ti sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo ti wà láàárín àwọn bàtà. Mo ti jẹ́ kí ẹran jóná nítorí rẹ̀. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ. Màá di ẹnu mi, màá máa gbọ́ ohùn àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, màá sì máa rò pé wọ́n ń gbọ́ àyà mi láti ìta. Obìnrin tó ti ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ yunifásítì pé kí wọ́n dákẹ́ lọ́dọ̀ ìwé ni èmi. Èmi ni mo wá ń dákẹ́ láàárín bàtà.

Ibi tí mo bá sì yíjú sí, orin yẹn ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó wà nínú ohun ìṣeré ọmọ ilé kejì, tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ọ̀sán. Ó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń polówó ọṣẹ. Bí Mọjísọ́lá bá pe báńkì tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀, òun náà ni wọ́n ń gbé sí i létí títí wọ́n á fi dé. Àní inú ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lọ, nígbà tí dùrù bá sinmi, ọmọ kan á sá síbẹ̀, á tẹ ohùn méjì yẹn, ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ̀ ọ́n!" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n óò máa wá ibi tí n óò sá wọ̀.

Mo ti ronú sí i gan-an, kí ló dé tí kò kú. Àwọn orin tó dára jù ú lọ ti kú. Èrò mi ni pé orin tí ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ ni. Kò béèrè agbára, kò béèrè ọ̀pọ̀ ìka. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa dùrù, bí o bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun náà ti di olórin. Ayé fẹ́ràn ohun tó bá rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrìn àjò.

Ọ̀dọ̀ Ṣeun ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó ń kọ́ pìánò ní pálọ̀, mò ń lọ aṣọ nínú yàrá kejì. Ó tẹ apá tí mo mọ̀, ó sì kọjá ibi tí wọ́n ti lé mi. Orin náà dìde, ó ń sáré, ó ń tàn bí oòrùn orí omi ní Mákùn-Omi. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Ṣeun, orin wo nìyẹn?"

"Orin kan náà ni, Àǹtí. Ó ṣì kù."

Ó tẹ èyí tó kù. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wá ń lu ohùn kan ṣoṣo nísàlẹ̀, gbì, gbì, gbì, kò yẹ̀, kò dúró, bí àyà ẹni tó sá pamọ́. Nítorí náà, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀! Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀. Apá dídùn nìkan ni àwọn tó ń ṣe aago gé tà fún ayé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Mọjísọ́lá máa ń jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Adébọ́lá á ti dúró sí ilé ìpè kan nítòsí ọgbà yunifásítì, á máa retí mi.

"Màámi, ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, ma. Iṣẹ́ ilé ìkàwé yẹn ńkọ́?"

"Láti àárọ̀ ni mo ti wà láàárín ìwé."

"Ẹ ò wá gbé mi sọ́dọ̀ yín!" Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgboyè wa. Ẹ ti mọ̀ pé bàbá ò sí. Ẹ máa wá, àbí? Mi ò fẹ́ kí n jáde nínú gbọ̀ngàn kí n má rí ẹni tí n óò kúnlẹ̀ fún."

Kí n tó dáhùn, aago dún. Mo ju tẹlifóònù sílẹ̀ lórí okùn rẹ̀, mo wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tí Mọjísọ́lá ti dá ẹni náà lóhùn tó lọ, mo padà wá gbé e. Ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀.

"Màámi, orin wo ló ń dún lọ́dọ̀ yín yẹn? Ó mà dùn o!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mọjísọ́lá àti Ṣeun jáde lọ́sàn-án. Aago dún. Mo sá pamọ́. Ó tún dún. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí lára ilẹ̀kùn, ohùn ọkùnrin àgbà kan sì wọlé: "Mo wá nítorí pìánò!"

Mo ní ẹ̀tàn ni. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi léèrè pé irú ọlọ́pàá wo ló máa ń wá mú pìánò. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Òyìnbó tíńrín kan ni, ó gbé báàgì irinṣẹ́ lọ́wọ́. Mọjísọ́lá ló ti pè é pé kó wá tún pìánò ṣe, ó sì gbàgbé ọjọ́ tó dá fún un. Ó ṣí inú rẹ̀, ó ń fa okùn rẹ̀ le, ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, orin wo ló fi dán an wò? Ẹ ti mọ̀.

Mo bi í bóyá kì í sú u.

"Ó ti sú mi kí n tó fẹ́yàwó," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ òmíràn, àwọn oníbàárà mi kì í gbà pé pìánò wọn ti sàn. Ti aago yín yẹn ló sì burú jù. Ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ pé!"

Ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Mo gba ibẹ̀ bi í pé àwọn tó ń kó àlejò tí ìwé wọn ti kú, ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń wá sí àdúgbò náà. Ó wò mí.

"Òpópónà kejì ni mò ń gbé láti ìgbà èwe mi, màdáámù. Mi ò rí irú wọn rí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí pìánò. Ó dìde lórí àga, ó ní kí n wá tẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó máa lọ. Mo kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ mi. Mo jókòó, mo sì tẹ orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìka mi ń kọsẹ̀, ẹnu mi ń pe sólífà rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó di imú. Nígbà tí mo dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé, mo dúró.

"Ìyókù ńkọ́?" ló wí.

"Wọn ò kọ́ mi débẹ̀."

Ìṣẹ́gun mi nìyẹn ní Ìlú Ọba. Ó kéré, ṣùgbọ́n tèmi ni.

Mo ti padà sílé tipẹ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní ilé tí bàbá mi kọ́. Ẹ má rò pé orin náà kò tẹ̀ lé mi. Bí ọkọ̀ bá ń fi ẹ̀yìn rìn ní Òkè-Àgbò, òun ló ń kọ láti fi lé èèyàn kúrò lọ́nà. Fóònù alágbèéká ń kọ ọ́. Mo ti fara mọ́ ògiri lójú ọ̀nà ọjà rí, tí àwọn obìnrin ń bi mí pé, "Màmá, kí ló dé, mọ́tò yẹn ò kàn yín o." Mo ń dá wọn lóhùn pé òyì ló kọ́ mi. Èèyàn lè padà sílé, kí etí rẹ̀ má tíì padà. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, mo rò pé ilé ni ibi tí ẹ̀rù kò mọ̀. Mo ti wá mọ̀ pé ohun tí gbogbo ayé bá fẹ́ràn kò ní ibi tí kò mọ̀.

Nígbà tí mo ṣì wà ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó wá tún pìánò ṣe yẹn kò jẹ́ kí n jẹun fún ọjọ́ bí i mélòó kan. Ọjọ́ ìgboyè Adébọ́lá ń sún mọ́lé. Bí mo bá béèrè pásípọ́ọ̀tù mi, tí Mọjísọ́lá sì fi ìbínú pe àwọn tó ń kó èèyàn wá mú mi ńkọ́? Bí mi ò bá béèrè, ọmọ mi á jáde nínú gbọ̀ngàn, kò ní rí ẹni kúnlẹ̀ fún. Ẹ̀rù kejì ló borí ti àkọ́kọ́. Ìgboyà kọ́ o. Mi ò ní purọ́ ìgboyà mọ́ ara mi.

Mọjísọ́lá wà nínú yàrá ìjẹun, ó ń mu tíì. Mi ò kúnlẹ̀.

"Sísí Mọjí, ẹ fún mi ní pásípọ́ọ̀tù mi. Ilé ni mò ń lọ."

"Ilé wo? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ ní lọ́yà ń bá mi ṣe é. Ẹ jẹ́ ká pe lọ́yà náà báyìí, kí n fi etí ara mi gbọ́."

"Lọ́yà wo?" ló wí. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó rántí. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sí ẹnu, kò mu ún.

Ọdún tí mo lò láàárín bàtà, gbogbo wọn kọjá lójú mi.

"Àwọn tó ń kó èèyàn ńkọ́?"

"Ta ni yóò tọ́jú Ṣeun fún mi?" Ohùn rẹ̀ ròkè. "Ta ni n bá rí? Ẹni tí mo lè fọkàn tán? Ẹ̀jẹ̀ mi ni ẹ́!"

Mo dé Àgọ́-Ìwòyè kí Adébọ́lá tó wọ aṣọ oyè. Ẹni tó wo ìwé mi ní pápákọ̀ òfúrufú yán, ó ní kí n rìn dáadáa. Ọmọ mi kúnlẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ pupa níwájú gbọ̀ngàn, mo gbé e dìde, a sì ya fọ́tò. Fọ́tò náà wà lára ògiri mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, fọ́tò kọ́ ni mo ń rí. Dúrọ́ọ̀ ni mo ń rí.

Nítorí pé lọ́jọ́ tí mo béèrè pásípọ́ọ̀tù mi, Mọjísọ́lá kò gòkè lọ sí yàrá rẹ̀. Kò wá kọ́kọ́rọ́. Ó kàn na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀ tábìlì tí wọ́n ń to àwo sí, èyí tí mo ń nù lójoojúmọ́, ó fà á, ó sì ṣí wẹ́rẹ́. Pásípọ́ọ̀tù mi wà níbẹ̀ láàárín ṣíbí àlejò tí a kì í lò. Ó ju ú sórí tábìlì. Mo gbé e, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, n kò sì fojú kàn án mọ́ títí wọ́n fi sin ín. Kí n tó jáde, ó tẹ̀ lé mi dé ibi ilẹ̀kùn, ó ń sunkún, mo sì ń retí pé yóò ní kí n forí ji òun. Ohun tó sọ fún mi nìyí:

"Ìwọ náà ló fẹ́ gbà á gbọ́, Tísà. Ṣé mo fi kọ́kọ́rọ́ ti dúrọ́ọ̀ yẹn pa rí ni?"